Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Lábẹ́ Bọ́tìnnì Kan

Bọ́tìnnì mẹ́rìnlá ló wà lókè ojú kọ̀ǹpútà láàbù náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tò gbọọrọ láti òsì dé ọ̀tún bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kò sí èyí tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ju ti èkejì lọ. Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ohun tí kò létò máa ń bí mi nínú ju ohun tó bàjẹ́ lọ. Ohun tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ohun tí kò létò, àwọn èèyàn á ti bá a lò pẹ́, wọ́n á tún máa gbèjà rẹ̀.

Láàbù aládàáni ni, ní Ring Road, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà nísàlẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri ìlú. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìntì, gbogbo èèyàn sì ń pè wọ́n ní Mọ́mì, èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi kò ju ẹni tó ń jókòó sí yàrá kan ní Bódìjà, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Mọ́mì ní kí n bá àwọn tún ètò àwọn ṣe. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ di Yorùbá, nítorí wọn ò rí ìdí tí akọ̀wé fi ní láti máa fi èdè òyìnbó wá èsì ìyá arúgbó tó ti Àpáta wá.

Ohun tí mo ṣe kò le. Mo kó àwọn bọ́tìnnì tó jọra sábẹ́ ẹyọ kan, títí ó fi ku mẹ́rin péré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ọfà kékeré kan tó dorí kodò sí. Bí o bá tẹ ara bọ́tìnnì, á ṣe iṣẹ́ tó máa ń ṣe jù lójoojúmọ́. Bí o bá tẹ ọfà, àwọn iṣẹ́ yòókù á já wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí àkọsílẹ̀, o ó mú èyí tó o fẹ́, àkọsílẹ̀ náà á sì padà wọlé. Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó rí i pé kò já sí ibi tí kò yẹ, àti pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé. Mo yangàn sí i gan-an. Mi ò ní parọ́, mo máa ń tẹ ọfà náà kí n kàn lè rí i bó ṣe ń já wálẹ̀.

Bọ́tìnnì tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó ń tẹ èsì àyẹ̀wò jáde sórí ìwé. Tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ló wà fún iṣẹ́ yìí: ọ̀kan fún gbogbo èèyàn, ọ̀kan fún Ìbejì 1, ọ̀kan fún Ìbejì 2. Ilé ìwòsàn ló máa ń kọ 1 àti 2 sára ìgò ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì, bí wọ́n bá ṣe tẹ̀léra jáde nínú ìyá wọn. Mo wo nọ́ńbà yẹn, mo ní ọmọ èèyàn kì í ṣe ojúlé. Mo pa á rẹ́. Níbi tí 1 wà, mo kọ “Ìbejì: ẹ̀gbọ́n”. Níbi tí 2 wà, mo kọ “Ìbejì: àbúrò”. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni mo ní kó máa hàn lórí ìwé èsì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti kọ́ mi pé ohun tó bá wà lókè ló ṣáájú, ohun tó bá sì ṣáájú ni àgbà. Ẹni tó ń ka èyí lè ti máa mi orí sí mi báyìí. Ẹjọ́ mi ni, mo gbà.

Lọ́jọ́ Alámísì, mo kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, mo fi ọfà hàn wọ́n, mo ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wá tẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Wọ́n ní ó yé wọn, wọ́n ní mo kú iṣẹ́, ọpọlọ mi pé. Mo gbà á gbọ́. Ó sì yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi náà nìyẹn: bí èèyàn bá làágùn ṣe nǹkan fún ọ, o kò ní wo ojú rẹ̀ kí o sọ pé ibì kan kù. O ó kí i kú iṣẹ́, o ó wá máa fọgbọ́n lo nǹkan ọ̀hún.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Jímọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo jókòó sẹ́yìn akọ̀wé tó ń gba àlejò níwájú, obìnrin kan tí a jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, kí n lè wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rìn lórí ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní nǹkan bí aago méjìlá, ọkùnrin kan wọlé nínú jàlàbíà funfun, ojú rẹ̀ wọnú, ó hàn pé kò tíì sùn. Ó ní òun wá gba èsì àwọn ìbejì òun.

Akọ̀wé kí i kú ewu ọmọ. Ó dáhùn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ìyàwó òun bí wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́ríkò, ọkùnrin méjèèjì. Abẹ ni wọ́n fi gbé wọn, ìyá wọn ò tíì lè dìde. Ibà pọ́njú mú wọn, ṣùgbọ́n iná tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ láti fi wò ó sàn, ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

“Dókítà ní ẹni tí tiẹ̀ bá ga jù nínú àwọn méjèèjì ni ká kọ́kọ́ gbé sábẹ́ iná,” ó ní. “Wọ́n ní tó bá fi lè gun ọpọlọ, ọmọ yẹn lè má gbọ́ràn mọ́ láyé rẹ̀. Ó lè má rìn.”

Akọ̀wé ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i. Ó tẹ ọfà. Àkọsílẹ̀ mi já wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó tẹ ìwé ẹ̀gbọ́n jáde, ó tẹ ti àbúrò jáde, ó tẹ́ wọn síwájú bàbá náà. Nọ́ńbà orí ìwé ẹ̀gbọ́n ga, wọ́n ti fi ìlà pupa sí i. Ti àbúrò kò burú.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, èwo ni ti ẹni tó kọ́kọ́ jáde?”

“Àbúrò nìyẹn, sà. Ṣé ẹ̀gbọ́n ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun.” Akọ̀wé mú bírò, ó kọ “ẹni kejì” sórí ìwé ẹ̀gbọ́n, ó kọ “ẹni àkọ́kọ́” sórí ti àbúrò. “Kó má baà dà rú mọ́ wọn lójú.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ní òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n á kàn máa gbádùn nínú lọ́hùn-ún. Ó ya fọ́tò ìwé méjèèjì, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n ti máa bá iṣẹ́ lọ, ó ká ìwé sápò, ó sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ fi yé mi. Mo gba máòsì lọ́wọ́ akọ̀wé láì tọrọ gáfárà. Mo wọ ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìgò sí. Ìgò 1, ti ọmọ tó kọ́kọ́ jáde: òun ni tiẹ̀ ga. Ìgò 2, kò sí ewu. Ìwé tó wà lápò bàbá yẹn sì ń sọ òdìkejì. Ọmọ tí àìsàn ń ṣe ni wọ́n á fi sílẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n á gbé sábẹ́ iná kan ṣoṣo tó wà.

“Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì?” mo bi akọ̀wé. Ohùn mi ti le.

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi pé ta ni ìyá rẹ̀. “Ẹni tó kẹ́yìn jáde ni, Àǹtí.”

“1 ni mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n.”

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo rí i lánàá pé ẹ fi ẹ̀gbọ́n sókè, ẹ fi àbúrò sísàlẹ̀. Mo ní bóyá ẹ ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Mi ò fẹ́ bi yín níwájú àwọn tó kù, kó má dà bíi pé mò ń dójú tì yín.”

Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, bàbá ọmọ ti gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí mo máa fi padà gòkè, akọ̀wé ti ké sí Mọ́mì, wọ́n ti wà nídìí fóònù. Ti bàbá ọmọ dún títí ó fi já. Wọ́n pe ilé ìwòsàn. Ẹnì kan gbé e, ó ní kí wọ́n mú sùúrù, ó gbé fóònù lélẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tẹlifísọ̀n. Wọ́n ń polówó ọṣẹ. Mọ́mì ń pariwo “hẹ́lò” sínú rẹ̀, ọṣẹ ló ń dá wọn lóhùn.

Mo tẹ ìwé méjèèjì lọ́tun. Mọ́mì fi bírò fagi lé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n kọ 1 àti 2 gàdàgbà sórí wọn, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀.

“Mú un lọ fúnra rẹ,” wọ́n ní. “Tó o bá débẹ̀, sọ pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é.”

“Kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan, mà.”

“Mo mọ̀. Lọ.”

Mo rí ọ̀kadà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní Jẹ́ríkò, mo ní kó fò. Ó fò lóòótọ́, títí a fi dé Òkè-Àdó. Níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní dé àárín títì. Jímọ̀ ti wọlé. Àwọn ọkùnrin tò léraléra láti iwájú mọ́ṣáláṣí dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ọkọ̀ sì dúró lọ́tùn-ún lósì, kò sẹ́ni tó fun fèrè. Ọlọ́kadà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní a ó dúró kí wọ́n kírun tán.

Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n inú Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Èèyàn kì í la àárín àwọn tó forí kanlẹ̀ kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fún un lówó rẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba etí gọ́tà lọ ní ìkọ̀kọ̀ bí olè. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bàbá ọmọ lè wà láàárín wọn, kó ti dúró kírun. Mo ń wò wọ́n bí mo ṣe ń lọ. Gbogbo ẹ̀yìn ló funfun. Bí mo bá tilẹ̀ rí i, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un? Ìwé ti dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì láti orí fóònù. Inú bí mi sí fóònù, inú bí mi sí ọjọ́ Jímọ̀, inú bí mi sí gbogbo ẹni tó kí mi kú iṣẹ́ lánàá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ìbínú ni mo fi ń bò ó.

Mo rí ọ̀kadà mìíràn lódìkejì. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà ní Dùgbẹ̀, a rọra ń já láàárín ọkọ̀, orúnkún mi gbá dígí takisí kan, awakọ̀ rẹ̀ ṣépè fún mi, mi ò dá a lóhùn. Nígbà tí mo máa fi dé ilé ìwòsàn, ó ti lé ní wákàtí kan tí bàbá yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Mẹ́gáàdì na ìwé sí mi pé kí n kọ orúkọ, kí n kọ ẹni tí mo wá rí. Mo ní mi ò mọ orúkọ ẹni tí mo wá rí. Ó ní a jẹ́ pé kí n dúró di aago mẹ́rin, ìgbà yẹn ni ìbẹ̀wò. Mo fi òǹtẹ̀ Mọ́mì hàn án, mo ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Ó ṣílẹ̀kùn.

Yàrá àwọn ọmọ tuntun kéré, ó sì móoru. Iná aláwọ̀ búlúù kan ń tàn ní igun, ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń bínú. Lórí àga, ìyá àgbà kan gbé ọmọ yòókù lẹ́sẹ̀. Ọmọ yẹn ń sùn, kò mira.

“Ìwé tó dé sọ́dọ̀ yín kò tọ̀nà,” mo sọ fún nọ́ọ̀sì kí n tó kí i. Mo na ìwé tuntun sí i. “Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni tiẹ̀ ga. Èmi ni mo ṣi orúkọ kọ.”

Ó ka ìwé. Ó lọ sábẹ́ iná, ó yí ọwọ́ ọmọ tó wà níbẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: 2. Ó wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó wo ọwọ́ ọmọ tiwọn: 1. Ó gbé e lẹ́sẹ̀ wọn láì ṣàlàyé, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo rí i láti ibi tí mo dúró sí. Ojú ọmọ náà pọ́n bí ìyeyè.

“Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń sùn báyìí?” nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

“Ó ti ṣe díẹ̀,” ìyá àgbà dáhùn. “Kò yọ mí lẹ́nu rárá.”

Nọ́ọ̀sì fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Kò ké. Ó tún ta á. Ọmọ náà ya ẹnu díẹ̀, ó pa á dé. Nọ́ọ̀sì gbé ti abẹ́ iná kúrò, ó gbé e fún ìyá àgbà, ó tẹ́ èyí síbẹ̀, ó bo ojú rẹ̀, ó sáré lọ pe dókítà. Ó ku èmi àti ìyá àgbà àti ọmọ méjì nínú yàrá. Mi ò lè wo ojú wọn. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mò ń wò, àti àyà kékeré tó ń lọ sókè sódò lábẹ́ rẹ̀. Mò ń kà á bí ẹni pé tí mo bá dẹ́kun kíkà, òun náà á dẹ́kun.

Dókítà wọlé, wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń gbọ́ ara mi pé àdúrà náà kò létò. Bàbá ọmọ dé, ìwé wa ṣì wà lápò rẹ̀. Ó rí mi, ó mọ̀ mí, ojú rẹ̀ yí padà. Mo dìde, mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, mi ò dárúkọ kọ̀ǹpútà. Ó fi ọwọ́ ti ògiri. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé lọ.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn láti inú yàrá. Ọmọ kan ké. Ohùn náà tín-ín-rín, ó sì dákẹ́, ó tún ké, ó wá ń ké lọ láìdáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì yọjú. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ ni, pé ó ti gba ọmú díẹ̀ tí wọ́n fún sínú ṣíbí. Ó ní dókítà ní bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ. Wọn ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa etí rẹ̀, àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ fi tẹ̀ mí láago pé ó ń gbọ́, pé ilẹ̀kùn ò lè gbá kó má ta gìrì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà a ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè lọ sílé.

Ìyá àgbà jáde wá nígbà tó yá. Ọmọ kejì, èyí tí wọ́n gbé kúrò lábẹ́ iná, wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò ní kí n dìde.

“Ọkọ ọmọ mi ní ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ orí ìwé yẹn.”

“Èmi ni, mà. Ẹ má bínú.”

“Ṣé ọmọ Yorùbá ni ọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló wá sọ fún ọ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n?”

Mo ronú sí i. Mo fẹ́ rí ẹnì kan tí mo lè dárúkọ. “Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mà.”

Wọ́n mi orí. Wọn ò pariwo, ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n pariwo. “Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n,” wọ́n ní. “Láti àná ni mo ti ń sọ pé ojú àbúrò pọ́n ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìwé dé, wọ́n ní ìwé ní kì í ṣe òun. Èmi ò mọ̀wé. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ á mọ̀ jù mí lọ. Mo bá dákẹ́, mo gbé e lẹ́sẹ̀, mo ń kọrin fún un pé kó máa sùn.”

Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ tó wà lọ́wọ́ wọn lé mi lọ́wọ́ bí mo ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbóná, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

“Ẹ̀gbọ́n nìyí,” wọ́n ní. “Bá mi gbé e, kí n lọ kírun alásàárì.”

Mo gbé e títí wọ́n fi kírun tán.